Apẹ̀rẹ̀ Méjìlá Kí Fèrè Ọ̀sán Tó Dún

"Ẹ bá mi wo ojú aago yẹn dáadáa," Ìṣirò sọ, ó sì na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sí ara ògiri bíi tíṣà. "Kí fèrè ọ̀sán tó dún lónìí, apẹ̀rẹ̀ méjìlá ni màá gbé jáde nínú ìkòkò yìí. Méjìlá géérégé. Bí mi ò bá ṣe é, ẹ má pè mí ní Ìṣirò mọ́. Ẹ máa pè mí ní Òfo."

Aago méje òwúrọ̀ kù díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ tòmátì náà pàtẹ́wọ́, àwọn kan sú ìfé. Ìṣirò kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀, aránbàtà, sọ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fún un, nítorí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sẹ́ni tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìṣirò. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ga, ẹnu rẹ̀ sì máa ń débi tó ń lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó débẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde, ó ń dúró de èsì, òun àti àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ ìsinmi níbẹ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Tòmátì á dé láti oko, wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ṣa èyí tó ti rà kúrò, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e kaná títí yóò fi ki. Bó bá ti ki, wọ́n á dà á sínú agolo ní gbígbóná, ẹ̀rọ mìíràn á dé e pa. Ogún agolo ló ń wọ inú apẹ̀rẹ̀ onírin kan. Ìgbà náà ni wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n sọ apẹ̀rẹ̀ yẹn kalẹ̀ sínú ìkòkò ràgàjì tí omi ti ń hó yaya, á sì wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, kí kòkòrò àìfojúrí tó bá sá pamọ́ sínú agolo lè kú fin-ín-fin-ín. Gbígbé e jáde àti sísọ òmíràn kalẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìkòkò náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ṣùgbọ́n ọba gbogbo rẹ̀ ni okùn pupa. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ti kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń dé agolo, wọ́n á so okùn pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Okùn yẹn ń wí pé, "Ẹ má tíì kó mi lọ, mi ò tíì jinná." Ẹni tó dúró ti ìkòkò nìkan ló láṣẹ láti tú u, lẹ́yìn tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé. Agolo tó ti wọ omi àti èyí tí kò wọ̀ ọ́, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ìyá tó bí wọn ò lè dá wọn mọ̀. Okùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí o bá tú okùn, o ti búra nìyẹn.

Lára ògiri, pátákó dúdú kan wà tí wọ́n fi ẹfun kọ MỌ́KÀNLÁ sí. Apẹ̀rẹ̀ mọ́kànlá láti aago méje sí aago méjìlá ọ̀sán. Aláago, ọ̀gá ìdí ìkòkò, ló ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bá a dé ibẹ̀ rí. Aago kan wà ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà, òmíràn wà ní ti òsì, bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ara wọn.

"Méjìlá kẹ̀?" Aláago ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí mo fi ń ṣe mọ́kànlá?"

"Agbára ni, sà."

"Ọgbọ́n ni," Aláago dáhùn, ó sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ìkòkò. "Gbà. Ẹnu dùn ún ròfọ́."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada omi tútù, Ìyá Àgbà gbójú sókè. Òun ni àgbà gbogbo wọn níbẹ̀. Ó ti dúró ti ìkòkò rí kí Aláago tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní báyìí, tòmátì ló ń fọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, omi sì ti hun ún lọ́wọ́.

"Méjìlá?" ó bèèrè. "Inú ìkòkò kan náà yìí?"

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́," Aláago ní, "ẹ máa fọ tòmátì yín."

Ìyá Àgbà bá tẹrí ba, ó ń fọ tòmátì rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé ariwo ń dùn mọ́ Ìṣirò lẹ́nu lásán. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ kó má bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé iṣẹ́ kan bá kọ lẹ́tà fún, ọ̀fẹ́ ló ń kàwé níbẹ̀. Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ tòmátì yìí ti ní nínú àwọn ọmọ ìsinmi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnì kan péré lòun máa kọ ọ́ fún, ọ̀la lòun sì máa kọ ọ́. Bàbá Ìṣirò ti gbọ́. Ó ti kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ níbi tí wọ́n máa fi ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ kọ́ sí. Ìṣó ti wà níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ló kù.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ omi ní aago méje géérégé. Ìṣirò ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kò mu omi, kò jókòó. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ló ti jáde. Ó wo aago, ó wo mẹ́fà, ó tún di ẹ̀wọ̀n mú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tó ń kó agolo sínú páálí, yọ orí láti ẹnu ọ̀nà. "Mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà?" Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ o, mẹ́fà. Ọ̀gá Aláago á ti máa fọwọ́ kan ìkẹjọ báyìí."

"Màá bá a. Lọ máa di páálí rẹ."

"Kò burú, Òfo."

Ẹ̀rín sọ. Ìṣirò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bí Aláago bá lè ṣe é, kí ló dé tí òun ò lè ṣe é? Ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní òun lòun lọ́ra, òun ni ẹ̀wọ̀n ò tètè gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó fa ẹ̀wọ̀n títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ṣùgbọ́n omi tó ń hó kò mọ ẹni tó ń kánjú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò sì kúrò ní ọgbọ̀n.

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ kẹsàn-án jáde, fèrè ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀, okùn pupa lọ́rùn wọn, wọ́n ń wò ó bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta nílé ẹjọ́. Èéfín omi gbígbóná bo ibẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó lè rí ọwọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

"Ó kúkú ti gbóná nígbà tí wọ́n dà á sínú agolo," ó sọ fún ara rẹ̀. "Bí wọ́n bá ti lọ jẹun, màá yọ́ dá wọn padà sínú omi. Wákàtí kan àbọ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ó na ọwọ́. Okùn àkọ́kọ́ le, ó fi èékánná tú u. Èkejì rọ̀. Ẹ̀kẹta, kò mọ̀gbà tó tú. Ó bu omi wọ́n wọn lára, ó yí wọn mọ́ àwọn mẹ́sàn-án tó jinná. Fèrè dún.

Ìró ayọ̀ sọ. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló gun àga, ó nu MỌ́KÀNLÁ kúrò, ó kọ MÉJÌLÁ gàdàgbà. Wọ́n gbé Ìṣirò sókè, wọ́n ń yí gbọ̀ngàn po. Aláago nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó wo pátákó, ó wo aago ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì, ó wá wo ọmọbìnrin náà bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ níbi tí kò retí.

Màdáámù sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì. Obìnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. "Ọmọ, ọwọ́ rẹ mà yá o. Mo ń wo lẹ́tà kan lọ́kàn mi báyìí, orúkọ rẹ ni mò ń rí lórí rẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà."

"Mo tún ní ìròyìn ayọ̀ mìíràn. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń gbé níbẹ̀ yẹn, tó yẹ kí wọ́n wá kó ẹrù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́ta òní ni ọkọ̀ wọn ń bọ̀. Iṣẹ́ àná àti tòní ni wọ́n máa kó. Ìyá Ìdáná wọn ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwọ ni wàá ṣàlàyé fún un bí tòmátì ṣe ń ṣe ara lóore. Ṣebí o gba ẹ̀bùn lórí rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ yín?"

"Mo gbà á, mà," Ìṣirò dáhùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa sọ ọ́ kalẹ̀, tó fi máa sá dé yàrá ìkẹ́rùsí, apẹ̀rẹ̀ méjìlá ti ṣófo. Ẹlẹ́rìn-ín àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó agolo inú wọn sínú páálí, wọ́n sì ti kó o pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí Aláago ṣe lánàá. Páálí ga dé àjà.

"A fẹ́ gbà ọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ni," Ẹlẹ́rìn-ín ní. "Akọni kì í di páálí."

Bí wọ́n ṣe lọ jẹun, Ìṣirò tú páálí. Ó mú ṣíbí, ó ń kan agolo lórí, ó ń fetí sí i. Tín. Tín. Tín. Èyí tó jinná ń dún tín. Èyí tí kò jinná ń dún tín. Ọgọ́ta agolo ló sọnù sínú wọn, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́wọ́.

"Kí lò ń wá?"

Aláago ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìṣirò.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Àwọn mẹ́ta kan... wọn ò wọ omi. Mo tú okùn wọn."

Ìṣirò ń retí ìfọ́tí. Kò rí i. Aláago ti ilẹ̀kùn pa jẹ́ẹ́.

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan, sà."

"Má sọ fún ẹnì kankan. Bí ọ̀kan méjì bá wú, wọ́n á dá a padà, a ó sì ní ẹni tó rọ agolo ló rọ ọ́ burúkú. Lọ fomi bọ́jú. O ní ọ̀rọ̀ láti sọ, o sì ní lẹ́tà láti gbà. Ṣé o gbọ́?"

"Ṣùgbọ́n, ọ̀gá, àwọn ọmọdé ló máa..."

"Mo ní, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Àgbà ló sọ ọ́. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àmọ́ kò balẹ̀.

Ní aago mẹ́ta, ọkọ̀ akẹ́rù fẹ̀yìn wọ àgbàlá. Ìyá Ìdáná sọ̀ kalẹ̀, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó dà bí ẹni pé ó lè gbé ọkọ̀ náà wá bí epo bá tán. Akẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan tẹ̀ lé e, ọmọ bí ọdún mọ́kànlá, awò lójú, ìwé kékeré àti bírò lọ́wọ́.

"Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun ń jẹ," Ìyá Ìdáná sọ. "Ó máa ń bi mí léèrè títí ọbẹ̀ á fi jóná. Mo ní kó wá bi yín."

Gbogbo òṣìṣẹ́ pé. Àwọn alágbàárù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí sínú ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò dúró níwájú wọn.

"Tòmátì kì í ṣe ohun tó kàn ń mú ọbẹ̀ pọ́n," ó bẹ̀rẹ̀. "Fítámì tó ń jẹ́ kí egbò tètè san wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń ran ojú lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀. Òmíràn tún wà níbẹ̀ tó ń ran ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó má bàa ga jù."

Páálí kan wọ ọkọ̀. Gbì.

"Èròjà tó mú un pupa pàápàá, bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ara ni, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó ń ṣe ọkàn lóore. Bí a bá jẹ tòmátì ní tútù, fítámì rẹ̀ á pé. Ṣùgbọ́n bí a bá sè é, tí a sì kán òróró díẹ̀ sí i, ara tún máa ń rí èròjà pupa yẹn gbà ju ti tútù lọ. Nítorí náà, iná..." Ó tẹjú mọ́ ọkọ̀. "Iná ṣe pàtàkì."

Páálí mìíràn. Gbì.

Ọmọ kékeré náà nawọ́. "Àǹtí, ẹ ní iná ṣe pàtàkì. Èmi tí mo máa jẹ ẹ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èyí tó wà nínú agolo tèmi ti wọ iná?"

"Okùn pupa kan wà," Ìṣirò ní. "Ẹni tó wà nídìí ìkòkò ló máa ń tú u tó bá ti jinná."

"Ta ló wà nídìí ìkòkò lónìí?"

Aláago wúkọ́.

"Èmi ni," Ìṣirò dáhùn.

"Ó dáa." Ọmọ náà tẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀, ó ń ka ohun tó ń kọ síta: "Àǹtí gíga tó mọ̀wé ló sè é. Mo lè jẹ ẹ́." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ kan ò sí níwájú.

Gbì, páálí mìíràn tún wọlé.

"Ẹ má gbé e mọ́," Ìṣirò sọ.

Àwọn alágbàárù ò gbọ́. Ó sá lọ dí ẹnu ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mo ní ẹ má gbé e mọ́. Mẹ́sàn-án péré ni mo sè. Mẹ́ta tó kù, mo tú okùn wọn, wọn ò fojú kan omi. Wọ́n wà nínú ẹrù yìí, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n wà."

Àwọn alágbàárù dúró, páálí lọ́wọ́. Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ lanu? Aláago ni.

"Ìwọ ọmọ yìí?" ó kígbe, ó ń fi aago méjèèjì júwe rẹ̀. "Ìkà. Apànìyàn. O fẹ́ fi májèlé ba ilé iṣẹ́ tí mo fi òógùn kọ́ jẹ́? Màdáámù, ẹ lé e lọ kí n tó gbàgbé ara mi."

Ìṣirò wò ó. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní yàrá ìkẹ́rùsí wà lórí ahọ́n ọmọbìnrin náà, ó gbé e mì. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ti tó o jẹ́wọ́.

Màdáámù ò pariwo. "Mélòó lo wí?"

"Mẹ́ta, mà. Ọgọ́ta agolo."

"Nínú ọ̀tàlénírínwó." Màdáámù dijú, ó là á. "Ẹ sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀. Ẹ kó o sí yàrá gbígbóná fún ọjọ́ mẹ́wàá. Èyí tí kò jinná á wú, a ó sì rí i."

Ìyá Ìdáná ká apá mọ́ àyà. "Ọmọ tó jẹ́wọ́ lónìí ti lè parọ́ láàárọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá, màá padà wá. Bó bá jẹ́ ọgọ́ta ló wú, á jẹ́ pé òótọ́ ló sọ, màá kó èyí tó kù. Bó bá fi lé ẹyọ kan, irọ́ ló pa, ẹ ò sì ní rí ẹsẹ̀ mi níbí mọ́ láé."

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gùn ju ọdún lọ. Wọ́n fi Ìṣirò sídìí agbada, ó ń bá Ìyá Àgbà fọ tòmátì. Ẹlẹ́rìn-ín kò bá a sọ̀rọ̀. MỌ́KÀNLÁ ti padà sára pátákó. Ní ilé, bàbá rẹ̀ kò yọ ìṣó. Ó kan fi fìlà rẹ̀ kọ́ ọ.

"Ìyá Àgbà," ó bèèrè lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ rò pé ó máa jẹ́ ọgọ́ta?"

"Tòmátì tó wà níwájú rẹ yẹn ti rà," Ìyá Àgbà dáhùn. "Yọ ọ́."

Ọjọ́ kẹwàá pé. Ìyá Ìdáná dé, ọmọ awò tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣí yàrá gbígbóná, òórùn kíkan gbá wọn nímú. Wọ́n tẹ́ agolo sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣa èyí tó ti wú bí ikùn ẹni tó jẹ àjẹkì. Ọmọ awò ló ń ka á.

"Àádọ́ta," ó wí. Lẹ́yìn náà, "Ọgọ́ta."

Ìṣirò mí kanlẹ̀.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ọmọ náà tún wí.

Kò dúró. Ó ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, títí tó fi dé ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ló ti tán. Ọgọ́rùn-ún agolo ló wú fọ̀nkọ̀. Ìyá Ìdáná ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú báàgì rẹ̀.

"Mi ò wí?" Aláago jáde síwájú. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mú agolo wíwú kan lọ́wọ́, ó ń fi ṣe bí ẹni fẹ́ gún Ìṣirò láyà. "Òpùrọ́ ni. Ó ní mẹ́ta, márùn-ún ni. Ẹni tó bá lè..."

Agolo náà bú lọ́wọ́ rẹ̀. Tòmátì kíkan ta sí i láti irùngbọ̀n dé bẹ́líìtì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn.

Ìṣirò ń wo pátákó. Ó ti ń wò ó láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé ọgọ́rin. Ẹnu rẹ̀ ń mì.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Aago méje sí aago méjìlá, wákàtí márùn-ún ni. Ọ̀ọ́dúnrún ìṣẹ́jú nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ kan ń lo ọgbọ̀n nínú omi, mẹ́ta fún gbígbé. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹ ṣe é lọ́nà mẹ́sàn-án, ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta ni. Fèrè ti fẹ́ dún. Ìkẹwàá ò lè jinná láéláé, ì báà jẹ́ òmìrán ló ń fa ẹ̀wọ̀n." Ó nawọ́ sí pátákó. "Mọ́kànlá yẹn kò ṣeé ṣe. Mẹ́sàn-án ni Ọ̀gá Aláago sè lọ́jọ́ tó ṣáájú tèmi. Méjì tó kù, ogójì agolo. Ogójì àti ọgọ́ta tèmi, ọgọ́rùn-ún."

Ọmọ awò ti ń ṣe é nínú ìwé rẹ̀. "Ó bọ́ sí i," ó wí.

Gbogbo ojú kọrí sí ọkùnrin tó wẹ tòmátì. Aláago wo aago ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì. Tòmátì ti bo méjèèjì.

"Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn," ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré, "ẹ yìn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa sọ̀ kalẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń dá agolo wíwú padà," Màdáámù ní, "o ní ẹni tó rọ agolo ló rọ ọ́ burúkú." Ó na ọwọ́. Aláago kó kọ́kọ́rọ́ ìdí ìkòkò lé e lọ́wọ́, ó sì bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Ìyá Ìdáná dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ padà sínú báàgì. "Ẹ di òjìdínnírínwó agolo tó kù fún mi," ó ní. "Ìwọ tó jẹ́wọ́, ìwọ ni kó o bá mi kà á."

Màdáámù yíjú sí Ìṣirò. "Màá kọ lẹ́tà rẹ. Ohun méjèèjì tí o ṣe ni màá kọ síbẹ̀: pé o tú okùn, àti pé o dí ẹnu ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbà ọ́, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n gbà. Bí wọn ò bá gbà ọ́, o mọ ohun tó fà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," Ìṣirò ní. Omijé ń bọ́, kò nù ún.

Màdáámù wá dojú kọ gbogbo wọn. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹni tó bá fẹ́ borí òpùrọ́ nínú eré ìje, àfi kó parọ́ jù ú. Kí o tó máa sáré lé ohun tí ẹnì kan ní òun ṣe, kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ṣe é. Ohun tó bá sì máa wọ ẹnu ọmọ ẹlòmíràn, kò ní ọ̀nà àbùjá. Àṣìṣe tí a jẹ́wọ́ lónìí, agolo ló bàjẹ́. Èyí tí a fi pamọ́, ènìyàn ló máa bàjẹ́."

Ó gun àga fúnra rẹ̀. Ó nu MỌ́KÀNLÁ kúrò, ó mú ẹfun, ó kọ MẸ́SÀN-ÁN, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

"Láti òní lọ, ìwọ̀n wa nìyí," ó ní. "Kò sí ilé iṣẹ́ tó ronú kan èyí rí."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹlẹ́rìn-ín sú ìfé. Ìyá Ìdáná mi orí, ó ní ọgbọ́n ń bẹ lórí obìnrin náà.

Ìyá Àgbà gbọn omi dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ni mo máa ń sè," ó ní. "Ẹ ní mo lọ́ra, lẹ fi gbé mi wá sídìí omi tútù."